Hóró Fóòmù Tí A Fi Àgbàdo Ṣe: Ẹ Béèrè, A Dáhùn

Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ páàkì fóòmù ti di ọ̀rọ̀ ìjọba ní Èkó ni lẹ́tà lórí fóòmù tí ó ń jẹrà ti ń dé sí ojú ewé yìí. Mo ti ka gbogbo wọn, mo sì ti yan márùn-ún tí ó jọ pé wọ́n gba ẹnu àwọn yòókù sọ̀rọ̀. Ìyá tí ó kọ́kọ́ kọ̀wé béèrè nípa ohun tí ó kan oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, nítorí náà tirẹ̀ ni mo fi ṣíwájú.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Oúnjẹ ni mo ń tà. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí a má lo páàkì fóòmù mọ́, abọ́ ike olómorí ni mo ń rà, owó rẹ̀ sì ń jẹ èrè mi. Ọkùnrin kan tí ó ń ta ike wá fi abọ́ fóòmù funfun kan hàn mí. Ó ní àgbàdo ni wọ́n fi ṣe é, pé ó ń jẹrà, àti pé kò sí ẹni tí yóò mú mi. Ṣé ó lè gba àmàlà gbígbóná àti ọbẹ̀? (Ìyá Olóúnjẹ, Múṣín)

Ẹ kú ọjà, ìyá wa. Ẹ má bu àmàlà gbígbóná sí i títí ẹ ó fi dán an wò. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni pé àgbàdo ni wọ́n fi ṣe é, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ike tí à ń pè ní PLA, irú ike yìí a sì máa rọ̀ bí ooru bá ti tó nǹkan bíi 55 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lórí òṣùwọ̀n kan náà, 100 ni omi fi ń hó. Àmàlà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rò, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú tí èéfín ń rú lára wọn, kọjá 60 dáadáa, bí ooru náà bá sì kan fóòmù tí ògiri ihò inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, abọ́ náà lè wọ́, kí ó súnkì, kí ọbẹ̀ sì dà sí oníbàárà yín lára.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n mọ bí a ti ń mú kí PLA le sí i kí ó lè gba ohun gbígbóná, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìdáhùn tí ó tẹ̀ lé èyí, nítorí náà n kò ní sọ pé irọ́ ni ọkùnrin náà ń pa. Ẹ gba abọ́ kan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbé e sínú bàsíà, ẹ bu omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó sí i, kí ẹ sì wò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ní ti òfin, ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2024 ni Tokunbo Wahab, Kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ àyíká àti omi ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kéde pé lílo fóòmù yìí àti pípín in kiri di èèwọ̀. Gọ́tà tí ó ń dí ló fa ọ̀rọ̀ náà. Fóòmù tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ ti polystyrene, èyí tí wọ́n ń fi epo rọ̀bì ṣe, ṣùgbọ́n ti àgbàdo náà funfun, ó fúyẹ́, òṣìṣẹ́ tí ó bá sì rí i lọ́wọ́ yín kò ní ohun tí yóò fi dá wọn mọ̀ lójú ọjà. Ẹ má rà á lọ́pọ̀ kí ẹ tó bá àwọn òṣìṣẹ́ àyíká sọ̀rọ̀ fúnra yín. Fún àmàlà, abọ́ tí a fi pàǹtí ìrèké tẹ̀, lẹ́yìn tí a ti fún omi ìrèké náà tán, sàn ju fóòmù èyíkéyìí lọ, nítorí pé kì í rọ̀ nínú ooru oúnjẹ. Mo sì mọ ilé oúnjẹ kan tí ó ti padà sí ewé eéran fún ìrẹsì ọ̀fadà, inú mi a sì máa dùn ní gbogbo ìgbà tí mo bá jẹun níbẹ̀.

Olóòtú wa, mo júbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kẹ́míkà ni mí. Olùkọ́ wa sọ fún wa pé a lè fi àgbàdo ṣe hóró fóòmù funfun bíi ti inú páálí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n àkókò kò tó láti ṣàlàyé. Báwo ni wóró ike líle ṣe ń di ohun tí atẹ́gùn lè gbé lọ? (Ọmọ yín, Ìbàdàn)

Ìbéèrè rẹ dùn mọ́ mi, ọmọ mi, nítorí pé láti inú ìkòkò ògì ni a ti lè bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn rẹ̀. Bí a bá rẹ àgbàdo, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, tí a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ a máa jẹ ṣúgà tí ó wà níbẹ̀, wọn a sì sọ ọ́ di ásíìdì kan. Ásíìdì yìí ni ó ń mú kí omi ògì kan. Òun náà ni ó wà nínú wàrà tí ó bá ti kan, láti inú wàrà kíkan ni Carl Wilhelm Scheele, onímọ̀ kẹ́míkà ní Sweden, sì ti kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde ní ọdún 1780. Ní ìlú Blair, ní ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ NatureWorks ń ṣe irú iṣẹ́ ìkòkò ògì yìí nínú àgbá ńláńlá: wọ́n ń sọ sítáàṣì àgbàdo di ṣúgà, kòkòrò àìfojúrí ń sọ ṣúgà náà di ásíìdì, wọ́n sì ń so ásíìdì náà pọ̀ ní méjì-méjì bí òrùka, kí wọ́n tó wá já àwọn òrùka náà, tí wọn yóò sì so wọ́n kọ́ra di ẹ̀wọ̀n gígùn. Ẹ̀wọ̀n gígùn yìí ni PLA. Ní Rayong ní Thailand, ṣúgà ìrèké ni ilé-iṣẹ́ mìíràn ń lò.

Nígbà tí PLA bá kúrò ní ilé-iṣẹ́, wóró kéékèèké ni, kò sì fúyẹ́ rárá. Lítà kan rẹ̀ tí kò ní ihò nínú wọn 1.24 kìlógíráàmù, ó wúwo ju omi lọ. Ṣùgbọ́n lítà kan fóòmù tí a fi ṣe lè má ju 30 gíráàmù lọ, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ike tí ó gba àyè lítà kan ti fẹ̀ débi pé ó gba àyè nǹkan bíi lítà 41, afẹ́fẹ́ sì lé ní ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nínú bí afẹ́fẹ́ ṣe wọlé, àti bí a kò ṣe jẹ́ kí ó bẹ́ ògiri rẹ̀ nígbà tí ó bá ń jáde.

Ronú nípa ìgò míńírà. Nígbà tí ìdérí wà lórí rẹ̀, o kò rí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá ti ṣí i, ìfófòó á bo ẹnu ìgò, nítorí pé wọ́n ti fi agbára tẹ afẹ́fẹ́ káábọ́ọ̀nù, irú èyí tí à ń mí síta, mọ́ inú omi náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ṣe wóró PLA. Wọ́n á kó wọn sínú ìkòkò irin tí a dé pinpin, wọ́n á sì tẹ afẹ́fẹ́ káábọ́ọ̀nù mọ́ wọn. Bí ooru inú ìkòkò náà bá kọjá 31, tí ìtẹ̀ rẹ̀ sì kọjá nǹkan bí ìlọ́po 73 ti afẹ́fẹ́ ayé tí ó yí wa ká, afẹ́fẹ́ náà á di ohun àrà kan tí kì í ṣe afẹ́fẹ́ gidi mọ́, tí kò sì tíì di omi, á sì rìn wọ inú ike náà bí omi ṣe ń rìn wọ inú ẹ̀wà tí a rẹ. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá fi ooru kàn án. Ike á rọ̀, afẹ́fẹ́ tí ó há sínú rẹ̀ á wá ọ̀nà láti fẹ̀, wóró kékeré á sì wú bíi gúgúrú. Ìyàtọ̀ kan wà o: èèpo gúgúrú a máa bẹ́, ti wóró ike kò sì gbọdọ̀ bẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò tíntìntín ni ó gbọ́dọ̀ là nínú rẹ̀, kí ògiri kọ̀ọ̀kan sì wà ní pípé. Wọ́n a máa po èròjà lẹ́búlẹ́bú bíi táàlìkì díẹ̀ mọ́ ike náà kí ihò lè rí ibi bẹ̀rẹ̀ káàkiri.

Fóòmù ti polystyrene ni ó kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí. Fritz Stastny, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún BASF ní Jámánì, ni ó ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1949. Pẹ́ńtéènì ni ó ń mú un wú, afẹ́fẹ́ tí iná tètè máa ń ràn, nígbà tí iná kì í ran afẹ́fẹ́ káábọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n polystyrene jẹ́ ike oníwà pẹ̀lẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́, PLA kò sì rí bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ káábọ́ọ̀nù kì í pẹ́ sá kúrò nínú rẹ̀, nítorí náà inú òtútù ni wọ́n ń fi wóró tí ó ti mu afẹ́fẹ́ pamọ́ sí títí wọn yóò fi mú un wú. Èkejì, bí PLA bá yọ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò lágbára tó láti na ara rẹ̀ láìjá, bí ẹ̀wà àkàrà tí a kò pò dáadáa, tí kò lè gbé afẹ́fẹ́ dúró. Wọ́n a máa fi èròjà kan so ẹ̀wọ̀n kúkúrú mọ́ra wọn kí ó lè yi.

Ìṣòro kẹta ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé òun ni ó dáhùn ìbéèrè ìyá wa ní Múṣín. Ásíìdì ògì yìí pín sí irú méjì, tí wọ́n jọ ara wọn bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe jọ ọwọ́ òsì. Bí ó bá jẹ́ irú kan ṣoṣo ni ó pọ̀ nínú ẹ̀wọ̀n, àwọn ẹ̀wọ̀n náà á tò sára wọn létòlétò, wọ́n á sì le bíi yìnyín, ike bẹ́ẹ̀ a sì gba ooru púpọ̀ kí ó tó rọ̀. Bí a bá da irú méjèèjì pọ̀, wọn kò ní lè tò, ike náà á máa wú ní ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọjá 60, kò ní dúró mọ́. Èyí tí ó rọrùn láti fi ṣe fóòmù ni kò lè gba ọbẹ̀ gbígbóná.

Ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i nígbà tí a bá fẹ́ so hóró pọ̀ mọ́ ara wọn di abọ́ tàbí àpótí. Hóró polystyrene ni a ń kó sínú mọ́ọ̀lù, tí a sì ń fẹ́ ooru omi híhó sí lára títí yóò fi lẹ̀. Bí a bá ṣe PLA tí kò tò bẹ́ẹ̀, yóò wọ́ pátápátá. Ilé-iṣẹ́ Synbra ní Netherlands, tí ó ṣe fóòmù PLA tí wọ́n pè ní BioFoam, fi ohun kan kun hóró kọ̀ọ̀kan lára kí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra láìgba ooru tí yóò bà wọ́n jẹ́. Ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, Chul Park àti Mohammadreza Nofar gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n jẹ́ kí irú ìtò líle méjì wà nínú hóró kan náà, ọ̀kan tí ó ń yọ́ nínú ooru kékeré, tí yóò so hóró pọ̀, àti ọ̀kan tí ó ń yọ́ nínú ooru gíga, tí yóò dì í mú kí ó má wó. Mo ka iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà pé ẹnìkan lè ronú bẹ́ẹ̀.

Bí o bá fẹ́ ṣe ìdánwò kankan ní yàrá ìmọ̀ yín, rántí pé omi kò gbọdọ̀ wà nínú wóró náà kí o tó yọ́ ọ. Nínú kìlógíráàmù kan, omi tí ó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdámẹ́rin gíráàmù lọ, nítorí pé omi àti ooru bí wọ́n bá pàdé ara wọn nínú PLA, ṣe ni wọ́n ń gé ẹ̀wọ̀n náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ní ìgbà òjò, má gbára lé sísá sí oòrùn nìkan.

Olóòtú ọ̀wọ́n, wọ́n fún mi ní ife àti abọ́ ike kan níbi ìnáwó, wọ́n kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ pé ó ń jẹrà. Mo ri wọ́n mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúro. Òjò rọ̀ títí, ọyẹ́ dé, mo hú wọn jáde, bí mo ṣe rì wọ́n ni mo bá wọn. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni? (Ìyá Àgbà, Abẹ́òkúta)

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ohun tí a kọ sí ìdí rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, kí ohun tí ẹ fi ojú yín rí náà sì jẹ́ òótọ́. Àbùkù ẹni tí ó kọ ọ́ ni pé kò sọ ibi tí ó ti ń jẹrà.

Mo sọ fún ọmọ wa ní Ìbàdàn pé omi àti ooru ni ó ń gé ẹ̀wọ̀n PLA. Kòkòrò inú ilẹ̀ kò lè jẹ ẹ̀wọ̀n gígùn. Ó di ìgbà tí omi bá gé e kúrú kí wọ́n tó lè fi ẹnu kàn án. Omi kò sì lè gé e kíákíá àfi bí ooru bá sún mọ́ 60, ìwọ̀n tí ike náà fi ń rọ̀ gan-an. Ilẹ̀ lẹ́yìn ilé yín, kódà ní oṣù kẹta, kò gbóná ju nǹkan bí ìdajì ìyẹn lọ ní ibi tí ọkọ́ wọlé dé. Nítorí náà, ó lè jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ibi tí wọ́n ti ń dán ike wò kí wọ́n tó fún un ní orúkọ ajẹrà yàtọ̀ pátápátá. Ìlànà tí Yúróòpù ń lò, EN 13432, sọ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12 nínú òkìtì ajílẹ̀ gbígbóná, bí a bá fi asẹ́ oníhò mílímítà 2 jọ ọ́, èyí tí ó kù lórí asẹ́ kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Pé láàárín oṣù mẹ́fà, ìdá 90 rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti di afẹ́fẹ́ káábọ́ọ̀nù. Àti pé ajílẹ̀ náà kò gbọdọ̀ pa irúgbìn lára. Òkìtì ilé-iṣẹ́ ńlá tí ooru rẹ̀ ń wà ní nǹkan bíi 58 fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni wọ́n ní lọ́kàn, kì í ṣe ìdí ewúro.

Bí ẹ bá fẹ́ tún un gbìyànjú, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ sì fi sí àárín òkìtì tí ó ga, tí ó sì fẹ̀ tó mítà kan ó kéré tán, tí ìgbẹ́ adìẹ àti ìyẹ̀fun pákó pọ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ máa wọ́n omi sí i, kí ẹ sì máa yí i. Irú òkìtì bẹ́ẹ̀ a máa gbóná débi pé ọwọ́ kò ní lè pẹ́ nínú rẹ̀. Mo ti ṣe é lẹ́yìn ilé tèmi. Ooru náà wá, ṣùgbọ́n kò dúró pẹ́ tó láti pa gbogbo rẹ̀ run.

Ó dùn mí pé wọn kì í sọ èyí fún àwọn tí ń ra ọjà. Bí fóòmù àgbàdo bá bọ́ sínú gọ́tà ní Èkó tàbí sínú ọ̀sà, yóò léfòó, yóò sì dí ojú omi gẹ́gẹ́ bíi ti polystyrene, nítorí pé kò sí ooru níbẹ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lára rẹ̀. Ìlú tí ó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́ òkìtì ajílẹ̀ ńlá, kí ó sì ní ọkọ̀ tí yóò máa kó o lọ síbẹ̀ ní ọ̀tọ̀, kí ó tó gba ike náà wọlé.

Bàtà tí mo rà dé nínú páálí tí hóró fóòmù aláwọ̀ ewé kún inú rẹ̀. Ọ̀kan bọ́ sínú omi tí mo fi ń fọ abọ́, ó sì yọ́ tán. Ṣé PLA nìyẹn? (Olùkàwé, Peckham, London)

Rárá o, sítáàṣì ni. PLA kì í yọ́ nínú omi tútù. Bí ẹ bá fi omi díẹ̀ kan ìka, tí hóró náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, sítáàṣì ni, ẹ lè dà á sórí òkìtì ajílẹ̀ ọgbà yín láìsí wàhálà. Ní ti PLA, ẹ wo ohun tí káńsù yín kọ sára bíìnì kí ẹ tó jù ú sí ti oúnjẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ káńsù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gba ike tí ó ń jẹrà.

Ilé ìṣe gàrí ni mo ní. Bí a bá fún pákí, sítáàṣì púpọ̀ a máa tò sí ìsàlẹ̀ omi rẹ̀, èyí tí a kò sì rí tà, a ń dà á nù ni. Ṣé mo lè fi ṣe hóró fóòmù, kí n sì tà á fún àwọn ẹlẹ́ja tí wọ́n ń lo àpótí fóòmù? (Baálé Ilé, Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ ṣeun, sà. Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú yín, ẹ kò sì gbọdọ̀ dà wọ́n pọ̀.

Láti sọ sítáàṣì pákí di PLA, ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ olówó ńlá ni, kì í ṣe ti ilé gàrí kan. Ó dùn mí láti kọ èyí, nítorí pé Nàìjíríà ni ó ń gbin pákí jù lọ ní gbogbo ayé. PLA sì ni ó yẹ àpótí ẹja: ẹja Ẹ̀pẹ́ tí ó wà nínú yìnyín tutù, ó lómi, kò sì sún mọ́ 60 níbikíbi, bí a kò bá ṣáà ti gbé àpótí òfìfo sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a tì pa sínú oòrùn. Ní Japan, ilé-iṣẹ́ Kaneka tilẹ̀ ń ṣe ike mìíràn, PHBH, tí kòkòrò àìfojúrí ń fi epo igi ṣe sínú ara wọn bí ọ̀rá, tí ó sì ń jẹrà nínú omi òkun pàápàá. Bí irú rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ kan, àwọn ẹlẹ́ja ni mo fẹ́ kí ó kọ́kọ́ kàn.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ lo sítáàṣì náà bí ó ti wà, láìsọ ọ́ di ike. Omi inú rẹ̀ ni yóò mú un wú: bí ẹ̀rọ onísíkúrúù bá fún sítáàṣì tí ó lómi díẹ̀ pọ̀, tí ó sì gbóná kọjá ìwọ̀n tí omi fi ń hó, omi náà kò ní rí àyè hó títí yóò fi yọ ní ojú ihò ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni yóò ti di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, sítáàṣì á sì wú. Sítáàṣì pákí a máa wú dáadáa, ṣùgbọ́n fóòmù rẹ̀ a máa rún lọ́wọ́, nítorí náà ẹ máa pò ó mọ́ ìyẹ̀fun háhá àgbàdo tàbí nǹkan oníṣọ́ọ́rọ́ mìíràn tí yóò dì í mú. Kò ní lè gbé ẹja, nítorí pé omi yìnyín yóò yọ́ ọ. Ẹni tí ó ń fi gíláàsì, ẹ̀rọ rédíò tàbí ìkòkò amọ̀ ránṣẹ́ ni ẹ ó máa tà á fún, inú ọ̀rá ni kí ẹ sì máa fi í pamọ́ sí ní ìgbà òjò.

Ẹ má tíì ra ẹ̀rọ kankan. Ẹ wá ẹni tí ó ń ṣe oúnjẹ ẹja tí ó ń léfòó fún àwọn ọlọ́sìn ẹja àrọ̀ ní agbègbè yín, nítorí pé irú ẹ̀rọ yìí kan náà ni ó ń lò, ìwúsókè yìí kan náà ni ó sì ń jẹ́ kí oúnjẹ rẹ̀ dúró lójú omi. Ẹ gbé àpò kan sítáàṣì gbígbẹ lọ bá a ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣófo, kí ẹ san owó iná, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ojú ihò tí ó kéré jù lọ ṣe é fún yín.